Ràkúnmí Inú Ẹrẹ̀

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Barkin Sale, nílùú Minna, ló kọ́ mi. Limawa, àdúgbò míì níbẹ̀, ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi dé Minna, kò sì padà sílé mọ́. Haúsá yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wa, Yorùbá bíi tèmi, fi máa ń pè mí bó bá fẹ́ ògbifọ̀. Ogún ọdún ló ti lò nílùú yìí. "Sannu" tí wọ́n fi ń kíni nìkan ló gbọ́ nínú Haúsá.

Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣàlàyé bí ara ràkúnmí ṣe bá aṣálẹ̀ mu. Mo ní ọ̀rá ló wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀, òun ni ara rẹ̀ ń jẹ nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Ọ̀gá já wọlé láìkanlẹ̀kùn.

"Àǹtí, ta ló fi irọ́ yẹn tàn yín? Omi ló wà níbẹ̀."

"Ọ̀gá, ó wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ ń lò."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò mọ nǹkan kan." Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Kí ló wà nínú iké?"

Gbogbo wọn pariwo pé omi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Bó ṣe pinnu nìyẹn pé ràkúnmí gidi máa wá síbi ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́ wa, tó sì jẹ́ pé inú òjò ló máa ń bọ́ sí. Ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó wá láti apá aṣálẹ̀, tó fi ràkúnmí ru kàún àti egbòogi wá tà. Ó fún un láyè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní náà ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ẹran náà lómi, kí àwọn òbí lè rí ẹran tí kì í mumi. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá fún bàbá náà.

"Haba! Ṣé òkúta ni?" Bàbá wò mí títí. "Ó máa ń fara da òùngbẹ ju màlúù lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti débi omi, ó gbọ́dọ̀ mu."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ọ̀gá ní kí n sọ fún un pé òun kàwé. Mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá jáde lọ́sàn-án, èmi àti bàbá fa omi nínú kànga. Mo ka garawa mẹ́jọ, mo jáwọ́ nínú kíkà. Bí ràkúnmí ti ń mu ún ni bàbá ń fi àwọn ẹ̀yà ara ẹran náà hàn mí: irun ìpéǹpéjú tó nípọn láti dí iyanrìn lọ́nà, ihò imú tó ń pa dé bí atẹ́gùn bá dìde, awọ líle tó fi ń kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó gbé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹran náà sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù.

"Iyanrìn ni Ọlọ́run dá èyí fún," ó ní. "Kì í ṣe ẹrẹ̀."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, òjò rọ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ pupa iwájú ilé ẹ̀kọ́, tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ń yọ̀ bí ilá. Ọ̀gá yọ nínú agbádá funfun, ó ní orí ràkúnmí lòun máa wà wọlé.

Bàbá di okùn mú. "Don Allah, nítorí Ọlọ́run, sọ fún un kó ní sùúrù kí ilẹ̀ gbẹ. Bí ẹsẹ̀ ẹran yìí bá ya, kò ní dìde mọ́."

Mo sọ ọ́ bó ṣe máa yé ọmọdé. Ọ̀gá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń jowú ni?" Ó ṣẹ́jú sí gáádì méjì, wọ́n gba okùn lọ́wọ́ bàbá, òun sì gun ẹran náà.

Ràkúnmí gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ya, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, ó sì ṣubú. Ọ̀gá yí gbirigbiri nínú ẹrẹ̀. Ẹran náà gbìyànjú láti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò lè ṣe é.

Ọ̀gá dìde, kò tilẹ̀ wo ibi tí ẹran náà wà. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin òbí, ẹ má fòyà. Ẹran aláìsàn ni ọkùnrin yìí mú wá fún wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́! Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó kàwé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ràkúnmí lé itan, kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo já ẹ̀rọ náà gbà.

"Irọ́ ni. Ara rẹ̀ le koko. Bàbá yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó má gùn ún, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe alápatà. Àwọn òbí yẹn kan náà ló padà wá pẹ̀lú àpò láti ra ẹran. Nígbà tí wọ́n la iké náà, ọ̀rá funfun ni, omi kankan ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá yọjú wò ó, ó ní òjò ló sọ omi inú rẹ̀ di ọ̀rá. Títí dòní, mi ò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tó tó ìyẹn.

Mo sin bàbá dé gáréèjì. Ó gbé gàárì ràkúnmí náà lérí. Ó ní òun lòun gbẹ̀bí ẹran náà nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i, pé kò fi òun sílẹ̀ lọ́nà rí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Na gode," ó wọ ọkọ̀.

Mi ò padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà yẹn mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì kún fọ́fọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ọ̀gá ní Dutsen Kura, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ ò tilẹ̀ yà kí wa mọ́." Ìyá mi kọ́ mi pé a kì í fi ìkíni ṣe ìjà. Síbẹ̀, mo wò ó látòkè délẹ̀, mo sì bá ọ̀nà mi lọ láìkí i.