Ìyá Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Kan

Òjò ọdún yẹn kò mọ̀ pé ó yẹ kóun sinmi. Ó sọ gbogbo àgbàlá di ẹrẹ̀, nígbà tó sì yá, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ kéékèèké ní abúlé etí òkun tí Noelene ń gbé, ní àríwá Ọsirélíà. Láti ilé dé ilé ni. Nígbà tó kan Kelton, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ohun gbogbo tó bá jẹ ló ń gba òkè àti ìsàlẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ sì jìn wọnú. Àwọn nọ́ọ̀sì pe bàálù, Noelene gbá ọmọ mọ́ra, ó di Dáwìn, ìlú ńlá tí ilé ìwòsàn wà.

Noelene kọ́ ló bí Kelton. Charmaine, àbúrò rẹ̀, ló bí i. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ènìyàn wọn, àwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ọmọ tí àbúrò ẹni bí, ọmọ ẹni ni. Ìyá ni Kelton ń pe àwọn méjèèjì. Charmaine kéré nígbà tó bí i, kò sì pẹ́ tó fi lọ kọ́ṣẹ́ ní Dáwìn. Àwọn ọmọkùnrin Noelene ti dàgbà, wọ́n ti gba oko màlúù lọ, ilé sì ti dá wáí. Ìgbà yẹn ni Kelton dé. Bí alákàn inú ẹrẹ̀ ṣe ń di nǹkan mú ni Noelene ṣe di ọmọ náà mú. Bí Charmaine bá pè lórí fóònù, á ní ọmọ ti sùn. Nígbà mìíràn, ọmọ ọ̀hún á máa ta bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, Charmaine ti ń dúró. Ó wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán. Noelene wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Fi í sílẹ̀. Aṣọ rẹ á rùn."

Wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára. Kò pẹ́ tí dókítà obìnrin kan fi wọlé pẹ̀lú Màmá Dulcie, àgbàlagbà tó ń túmọ̀ èdè fún àwọn aláìsàn.

Màmá Dulcie ní, "Oògùn kan wà tí wọ́n fẹ́ dán wò, bóyá á jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa tètè kúrò níbí. Àwọn kan á mu oògùn yẹn, àwọn kan á mu omi dídùn lásán. Dókítà fúnra ẹ̀ ò mọ èyí tó wà nínú ìgò. Gbogbo ìtọ́jú yòókù ò ní yí padà. Bẹ́ ẹ bá sì ní rárá, kò sẹ́ni tó máa bínú."

Dókítà béèrè pé, "Ta ni ìyá ọmọ?"

"Èmi ni!" Ẹnu àwọn méjèèjì ló pa pọ̀.

Màmá Dulcie fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Noelene. Èyí tó bí i ni òfin wọn ń wá."

Charmaine béèrè bóyá wọ́n ti fún ọmọdé ní oògùn náà rí, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí ó bá bì í. Nígbà tó gbọ́ èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọwọ́ sí i. Lójú Noelene, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n já ọmọ gbà lápá rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Nígbà tí Charmaine fún ọmọ náà ní oògùn, gbogbo rẹ̀ lọmọ tu sí i láṣọ. Noelene mọ̀ pé Kelton kì í mu nǹkan kan nínú ṣíbí àfi bí èèyàn bá kọ́kọ́ ṣe bíi pé òun ń mu ún. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ ò mọ̀ ẹ́. Ṣé o ti rí i?"

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ mí? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ló ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wo ló ń sùn tó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Noelene dìde, ó fa báàgì rẹ̀. "Ó dáa. Tọ́jú ọmọ rẹ ká wò ó."

Ó lọ sí ilé tí wọ́n ń gba àwọn èrò ọ̀nà jíjìn sí. Àwọn obìnrin ń ta káàdì lábẹ́ igi, òun náà bá wọn jókòó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ fóònù. Wọ́n máa pè. Ọmọ máa figbe bọnu, wọ́n máa ní kó jọ̀ọ́ kó máa bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè.

Ní òwúrọ̀, ó rọra ń rìn padà, kí ìyà lè jẹ wọ́n dáadáa. Ó bá Kelton tó sùn lé àyà Charmaine, ètè rẹ̀ kò gbẹ mọ́. Ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kò bì mọ́ o. Ó ti mu oògùn. Ìyá ẹ̀ sì ń fi ṣíbí fún un lómi títí ilẹ̀ fi mọ́."

Ayọ̀ dé bá Noelene lóòótọ́, ṣùgbọ́n owú ti jókòó lé ayọ̀ náà lórí. Kelton jí. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì na ọwọ́ sí aago tó wà láyà nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá méjèèjì kò rẹ́rìn-ín.

Ìtùnú kan ṣoṣo ló kù fún Noelene: ó dá a lójú pé oògùn gidi ló wà nínú ìgò yẹn. Oògùn ló wò ó sàn, kì í ṣe Charmaine. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ sílé, ẹnì kan péré ni bàálù máa gbà pẹ̀lú ọmọ. Charmaine ní, "Ẹ mú un lọ. Ọ̀dọ̀ yín ló mọ́ ọn lára." Noelene gba ọmọ, kò dúpẹ́. Ì bá dùn mọ́ ọn ká ní àbúrò rẹ̀ bá a jà.

Nígbà tí ìdánwò oògùn náà parí, dókítà àti Màmá Dulcie wá sí abúlé láti sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n po tíì, wọ́n yan búrẹ́dì nínú eérú, àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ igi. Noelene kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

"Kelton wa ńkọ́? Èwo ló mu?"

Màmá Dulcie bi dókítà, ó yíjú padà. "Omi dídùn ni."

"Ta ló wá wò ó sàn?"

"Omi tí wọ́n fà sí i lára, àti èyí tí ìyá ẹ̀ ń fi ṣíbí fún un."

Noelene gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí egungun ẹja. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Charmaine wá kí wọn. Àwọn méjèèjì ń tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó létí iná, Kelton ń fọ́n ìyẹ́ náà káàkiri, ni Noelene bá sọ ọ́ lójijì, láìgbójú sókè.

"Omi lásán ni wọ́n fún un lọ́jọ́sí. Ìwọ lo wò ó sàn."

Charmaine gbójú sókè wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń sunkún ni?"

"Èéfín ni, jàre." Ó nu ojú rẹ̀. "O lè dúró pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, èmi ni màá máa wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ wẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀. Tèmi ni tìrọ̀lẹ́."

Noelene fa ìyẹ́ kan tu tagbára-tagbára. "A á rí i nígbà náà," ni gbogbo ohun tó sọ.