Èèwọ̀ Tí Bàbá Mi Dá Sílẹ̀

Òórùn sìgá ló máa ń jí mi nílé wa ní Jójú. Bàbá mi á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á máa fà á kí ó tó wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Agbára. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á bẹ̀rẹ̀ oríkì mi, "Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́ ọmọ...", ikọ́ á sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. N kò gbọ́ ìparí oríkì mi rí. Àwọn ọmọ ilé kejì ń gbọ́ tiwọn láràárọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ mọ bí ó ṣe dùn mí tó?

Ìyá mi kò dákẹ́: "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru." Bàbá mi á ní òun ti gbọ́, á jẹ orógbó, á tún tan sìgá mìíràn. Nígbà tó yá, dókítà sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń bàjẹ́, pé bí kò bá fi sìgá sílẹ̀, èémí lásán ni yóò máa wá kiri. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ba òun náà, ó sì gbìyànjú lóòótọ́. Á máa jágbe mọ́ ẹni tó kí i àti ẹni tí kò kí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ iléeṣẹ́ ti ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ló ti máa ń padà sídìí sìgá.

Òun ni àgbà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọn á tan sìgá, wọn á tẹrí ba, wọn á fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i: "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ bá wa ṣí i, àgbà ló ń kọ́kọ́ fà á." Báwo ni àgbà yóò ṣe kọ ọ̀wọ̀? Ọ̀wọ̀ yẹn ló ń pa á lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń mú mi lọ síléèwé, a dé ibẹ̀, wọ́n tún na sìgá sí i. Ọwọ́ bàbá mi gbéra. Mo di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó wò mí, ó fa ọwọ́ padà, ó ní: "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Sìgá ti di èèwọ̀ ìdílé wa."

Háà! Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe sáré fa ọwọ́ sẹ́yìn! Ta ló fẹ́ fi ohun èèwọ̀ lọ ẹlòmíràn? Wọ́n tilẹ̀ ń tọrọ àforíjì. Nígbà tí a kọjá, mo bi bàbá mi pé ìgbà wo ló di èèwọ̀. "Àárọ̀ yìí ni," ló dá mi lóhùn, ó sì ń làágùn.

Ara rẹ̀ kò gbà á wẹ́rẹ́, ó jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò fi lọ̀ ọ́ mọ́. Kí ọyẹ́ tó dé, mo kúnlẹ̀ láàárọ̀, ó kì mí, ó kì mí, ó kì mí dé orírun wa n'Ísẹ́yìn, kò wúkọ́. Mo yan wọ iléèwé bí ọmọ ọba.

Lónìí, èmi náà ń ṣiṣẹ́ nítòsí Ìyànà Ìyèsí. Féèpù, sìgá oníbátìrì tó ń ta sánsán bí ọsàn, ló wà lóde báyìí. Wọ́n ní kò léwu. Irọ́ ni, ohun tó ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú sìgá wà nínú òun náà. Ọ̀gá mi nà án sí mi lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ má bínú sà, èèwọ̀ ìdílé wa ni." Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé bàbá mi parọ́ ni. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì mọ̀ pé gbogbo èèwọ̀ ló ní ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó dá tiwa sílẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ń mí dáadáa.