Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Ro

Màlúù kan ṣoṣo ni Yésúfù télọ̀ ní, ṣùgbọ́n "àwọn màlúù mi" ló máa ń wí. Bí oníbàárà bá dúró tì í nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìlobù pé kí ó yára parí agbádá òun, yóò ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jọ̀wọ́. Mo fẹ́ sáré lọ wo àwọn màlúù mi ní gáà Fúlàní." Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní tú u fó. Yésúfù alára mọ̀ pé òun ń fọ́nnu, àmọ́ ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀rù màlúù ń bà á. Ọ̀dọ̀ Bùbá, Fúlàní tó ń bá àwọn ará Ìlobù àti Ìfọ́n sin ẹran, ni màlúù náà ń gbé, bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà: Bùbá ló ni wàrà, Yésúfù ló ni ọmọ tó bá bí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Yésúfù máa ń lọ kí i. Yóò dúró ní òkèèrè, yóò na ọwọ́ sí i, yóò máa yìn ín. Lọ́jọ́ kan ó yìn ín títí, ó ní ojú rẹ̀ fi ìwà pẹ̀lẹ́ jọ ti ìyá òun. Ni Bùbá bá rọra sọ fún un pé, "Bàbá télọ̀, ti àwọn ará Ìfọ́n nìyẹn. Tiyín ló wà lẹ́yìn yín yẹn." Yésúfù kò bojú wẹ̀yìn. Ó dágbére fún Bùbá, ó sì gba ilé lọ.

Síbẹ̀, ó fẹ́ràn ẹran náà dénú. Gbogbo aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aṣọ oníbàárà ni. Ilé tó ń gbé, ti mọ̀lẹ́bí ni. Màlúù yẹn nìkan ló lè nawọ́ sí pé tèmi nìyí, kódà bí ó bá ṣì í nà.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú òmìnira, àwọn tó ń dẹ ọ̀yà tiná bọ pápá tó wà láàárín ìlú méjèèjì, iná sì jó o kanlẹ̀. Àwọn ẹran rù títí a fi lè ka ìhà wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì wọlé, Bùbá pe àwọn onímàlúù jọ, ó ní bí iná bá tún jẹ pápá yìí, òun yóò da ẹran gba ọ̀nà Ọ̀fà, òun kò sì ní padà mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹran òun lọ, kí ó wá mú un lọ sílé. Yésúfù ro ti màlúù nínú àgbàlá rẹ̀, láàárín balùwẹ̀ àti ilé ìdáná. Òógùn bò ó.

Báyìí ni àwọn onímàlúù Ìlobù àti ti Ìfọ́n, tí wọn kì í jókòó pọ̀, ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo pápá. Bàbá Sàlàkọ́ ni aṣáájú àwọn ará Ìlobù, tíṣà kan tí ń jẹ́ Ọlábánjí sì ni ti Ìfọ́n. Wọ́n fẹnu kò pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan ro etí pápá tó kọjú sí i, kí iná má baà rí koríko gùn wọlé. Wọ́n ro ó mọ́ tónítóní. Ó wá ku ọ̀dàn tóóró kan tó lọ tààrà dé etí odò, níbi tí ìhà méjèèjì ti pàdé. Koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ó sì ti gbẹ. Ilẹ̀ yẹn gan-an ni ìlú méjèèjì ti ń bá ara wọn fà láti ayé bàbá bàbá wọn.

"Ẹ jẹ́ kí a ro ó fún yín," ni Ọlábánjí wí.

"Kí lọ́yà yín lè bi wá ní kóòtù lọ́la pé ta ló ń ro ó?" ni Sàlàkọ́ dáhùn. "Àwa la máa ro ó."

"Láéláé, bàbá!"

Ẹnìkan ní kí wọ́n jọ ro ó láti ìhà méjèèjì. Wọ́n bi í pé ibi tí ọkọ́ bá ti pàdé ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé ibẹ̀ ti di ààlà nìyẹn? Bùbá ń wò wọ́n, ó sì ti ń di ẹrù rẹ̀.

Ẹnu Yésúfù kì í dúró de orí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí màlúù ro ó!" ló wí. "Màlúù kì í ṣe ará Ìlobù, kì í ṣe ará Ìfọ́n. Bó bá jẹ koríko, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó ya Yésúfù fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Bùbá ní màlúù kò ní fẹnu kan koríko gbígbẹ bẹ́ẹ̀ àfi tí a bá wọ́n omi iyọ̀ sí i. Ta ni yóò wọ́n ọn?

"Ta ló tún mọ màlúù bí ẹ̀yin, Bàbá télọ̀?" ni Ọlábánjí wí. "Ṣebí ẹ ní wọn lọ́pọ̀lọpọ̀." Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìfọ́n kò gbà kí ará Ìlobù kan wọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọkọ́ tàbí àdá, àní igi kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fi sàmì sílẹ̀.

Yésúfù fẹ́ sọ pé rárá. Ohun tó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ sọ ni, "Kékeré nìyẹn."

Lọ́jọ́ náà, ìlú méjèèjì jáde wá wòran. Yésúfù gbé garawa omi iyọ̀ wọnú koríko láìmú igi dání. Ó wọ́n díẹ̀, ó tún wọ́n díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó pé òun ń ṣe bí akọni ni ó gbọ́ fìn-ìn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Agbo màlúù ti gbóòórùn iyọ̀, wọ́n sì rò pé inú garawa ló pọ̀ sí.

Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá ju garawa nù. Yésúfù gbá a mọ́ àyà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Bó ti ń sá ni omi ń dà sílẹ̀, bí omi ti ń dà ni màlúù ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tẹ koríko mọ́lẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Fìlà rẹ̀ ṣí. Bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo bọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé odò ló rí igi kan, ó sì gùn ún. Títí tó fi kú, kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe gùn ún. Nísàlẹ̀, ìlú méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fara ti ara wọn. Láti ìdí igi náà padà sẹ́yìn, ọ̀dàn náà ti tẹ́ bí ẹní.

Àmọ́ ẹ̀rín kò tíì tán tí Sàlàkọ́ fi na ọwọ́. "Gbogbo yín ẹ rí i o! Ọmọ wa ló fẹsẹ̀ la ilẹ̀ yìí já. Ẹsẹ̀ ará Ìlobù ló wà níbẹ̀!"

"A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí!" ni àwọn ará Ìfọ́n pariwo. Wọ́n ní àwọn ń lọ gbé ọkọ́, àwọn yóò ro ó báyìí báyìí. Àwọn ará Ìlobù náà yí padà láti lọ gbé tiwọn. Bùbá gbé ẹrù rẹ̀ sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Yésúfù ń wò wọ́n láti orí igi. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè pa ìjà yìí, ó sì mọ ohun tí yóò ná òun. Ìtìjú mú un.

"Bàbá Sàlàkọ́, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi!" ló ké. "N kò la ilẹ̀ kankan já. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù màlúù ti ń bà mí látọjọ́ tí mo ti ra ẹyọ kan tí mo ní. Ẹyọ kan ni o, kì í ṣe agbo! Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń sá bí mo ṣe sá yìí lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ rí?"

Ọlábánjí wo ẹsẹ̀ Yésúfù tó ń gbọ̀n lórí ẹ̀ka. Ó ní, "Ìyẹn tó. Ẹni tó ni ilẹ̀ kọ́ nìyí." Àwọn ará Ìfọ́n kò lọ gbé ọkọ́ mọ́, Bùbá náà sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láìtú u. Sàlàkọ́ pòṣé, ó gba ilé lọ, kò sì dá Yésúfù lóhùn fún gbogbo ìgbà ọyẹ́.

Iná dé lóòótọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti apá òkè wá, ó ń hó yèè, ìlú méjèèjì sì já ewé tútù dání láti fi pa á, wọ́n dúró. Ó dé ibi tí màlúù ti tẹ̀, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Ìdí igi yẹn sí etí odò, níbi tí màlúù kò tẹ̀ dé, nìkan ni ó ti rí ọ̀nà gbà, ó jó igun pápá kan kí wọ́n tó pa á. Bùbá wò ó yíká, ó ní ohun tó kù tó ẹran jẹ, ó sì ní kí ìyàwó òun tú ẹrù.

Sàlàkọ́ rìn wá síwájú Yésúfù pẹ̀lú eérú lójú. Yésúfù dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà wo igun tó jó, ó wo igi náà, ó tún wo Yésúfù.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "kí ló dé tí o ò fi sá dé odò?"