Bàbá Sọ̀kalẹ̀ àti Kẹ̀kẹ́ Oníwo Àgbò

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ dókítà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń gbà wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ń fi Bàbá Sọ̀kalẹ̀, télọ̀ àdúgbò wa, rẹ́rìn-ín.

Dókítà ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ oníwo àgbò ló gùn, kẹ̀kẹ́ eré ìje tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, tí ẹni tó bá gùn ún á tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bó ṣe kan iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ báyìí, bàbá gíga kan já jáde, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó dúró sáàárín títì gbagidi.

"Sọ̀kalẹ̀!"

Dókítà fò sọ̀kalẹ̀. Ó ti rò pé ẹnì kan ń kú lọ ni. "Bàbá, ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ara gbogbo wa le. Bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú." Kí dókítà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá ti dojú kẹ̀kẹ́ dé sórí títì. Ó fi oríkèé ìka kan irin rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó dẹtí sí i. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n ní gígùn, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú. Ó wá fi ìka tọ́ abẹ́ rẹ̀ wò nítòsí pẹ́dà, ó mi orí.

"Kì í ṣe òun. O lè máa lọ."

"Kì í ṣe ta ni, Bàbá?"

"Àwọn aláìsàn ń dúró dè ọ́ o, ìwọ sì dúró sójú títì tó ò ń bi mí ní ìbéèrè!"

Ìyàwó Bàbá wà nínú ṣọ́ọ̀bù níjọ́ náà, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù oníbàárà. Ẹ̀wù náà ló fi bojú.

Òun nìkan ló mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń wá. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ọkùnrin náà ní kẹ̀kẹ́ oníwo àgbò kan tó ń dán yinrinyinrin. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọmọbìnrin náà jókòó sórí irin àárín rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi eré hàn án. Eré náà ò tíì dé ibì kan tí àwọn méjèèjì fi bá ara wọn nínú gọ́tà. Ọkùnrin náà gbéra nílẹ̀ wàrà, kò wo ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó sáré lọ gbé kẹ̀kẹ́.

Irin kẹ̀kẹ́ sán nísàlẹ̀ nítòsí pẹ́dà. Wẹ́dà, ajórin, jó o pọ̀, ó sì fi kókó kan síbẹ̀ tó tó orí ìka. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó ni olè jí kẹ̀kẹ́ náà gbé. Láti ìgbà náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń fi ìka tọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn, tó ń wá kókó yẹn kiri.

"Àbí ẹ̀yin náà ò gbọ́," ni ìyàwó máa ń wí, "ọkùnrin yìí ń wá kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Èmi tó sọ sí gọ́tà, kò tíì padà wá gbé mi."

Kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni tó bá rí i pé ó ní àléébù, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà ló ti ń tún un ṣe. Òróró máṣíìnì ìránṣọ ló ń fi sí ṣéènì, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń sàmì sí ibi tí irin ti wọ́. Ọkọ ìyàwó kan wá gba ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó rí ojú àtẹ́lẹwọ́ dúdú ńlá lára ìdí rẹ̀.

"Bàbá! Kí lèyí?"

"Òróró ṣéènì ni."

"Ọ̀la ni ìgbéyàwó mi!"

"Ìyẹn náà dáa. Ṣáà má kọ̀yìn sí ẹnikẹ́ni."

Ìgbà tí ewú ti gba orí àwọn méjèèjì tán ni wọ́n jọ yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù, wọ́n ń wá àga. Kẹ̀kẹ́ oníwo àgbò kan fara ti ògiri lẹ́yìn àwọn fìríìjì tó ti kú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ki bí ògì tó dì. Bàbá kan án, kọ́, kọ́, kọ́. Ó dẹtí sí i. Ó jókòó sílẹ̀ tì í, ó dì mọ́ ọn.

"Òun ni," ló sọ wẹ́lẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. "Má jẹ́ kí alálòkù mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ o."

Alálòkù yọjú. "Bàbá, ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Ta ni? Èmi? Irin jákujàku yìí?"

"Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà, ẹ ti dì mọ́ ọn."

"Ó rẹ̀ mí ni. Mo fi ń sinmi."

Wọn ò ra àga mọ́. Orí tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun ni kẹ̀kẹ́ gbà, ó dojú dé síbẹ̀. Ìkòkò tí ìyàwó fẹ́ràn jù ni Bàbá rẹ ṣéènì sí. Ó wá mú sáńpépà, ó ń bó ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó àlùbọ́sà. Àwọ̀ ewé kúrò, pupa yọ. Pupa kúrò, dúdú yọ. Gbogbo ẹni tó ti ní in ló kùn ún bó ṣe wù ú.

Abẹ́ rẹ̀ nítòsí pẹ́dà ló ki jù. Ibẹ̀ ga díẹ̀. Kókó wẹ́dà lè mú un ga. Ọ̀dà tó ṣù jọ náà lè mú un ga. Bàbá ò fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ikọ́ ti ń ṣe é nígbà yẹn. Nígbà tí kò lè dá dìde mọ́, dókítà wá bá a nílé. Ó fi ìka kan àyà rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó dẹtí sí i.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá. "Dókítà, sọ fún mi. Ṣé òun ni?"

Dókítà wo ìyàwó, ó wo ilẹ̀. 

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "O lè máa lọ."

Ó tún lo ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á gbé e jókòó sídìí tábìlì, á máa họ irin, á sinmi, á tún họ. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó rí kókó náà kó tó lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ họ ibi yẹn náà, kọ́kàn yín lè balẹ̀."

"Ó ku díẹ̀."

"Èmi ni kí n bá yín họ ọ́?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọjọ́ gọ́tà yẹn," ló wí, "ojú ń tì mí láti wo ojú rẹ. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ nìyẹn."

"Láti ọjọ́ yìí, ẹ ò sọ."

"Ojú ṣì ń tì mí ni."

Ó kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin wọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ń tún ilé ṣe. Ó rí kẹ̀kẹ́ lórí tábìlì, irin rẹ̀ mọ́ tónítóní àfi ibi kékeré kan. Ó mú sáńpépà.

"Màmá, Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá wọn parí ẹ̀."

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

Ọmọ náà yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó tọ́ ibi tó ga náà wò.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni?"

"Bàbá rẹ dá gbogbo ayé dúró lójú títì torí pé ó fẹ́ mọ̀. Ìgbà tó wá ku kó họ ibi tí ò ju orí ìka lọ, ọwọ́ ẹ̀ ò gbà á." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ̀rù ń bà á pé ó lè máà jẹ́ òun. Ó kú, ó gbà pé ó ti rí i. Ta ni èmi tí màá lọ họ ọ́?"

Wọ́n so táyà mọ́ ọn, àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó jáde, kò sẹ́ni tó pariwo. Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé sórí títì, ó dì í mú, ó ń dúró.

Ìyá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó kan irin náà, kọ́, kọ́, kọ́. Ó dẹtí sí i, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé orí.

"Kì í ṣe òun," ló wí. "Òun ti délé."

Dókítà ò kúrò. Ojú rẹ̀ ti rin.

"Àwọn aláìsàn ń dúró dè ọ́ o," ni ìyá wí, ó bá a yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. "Máa lọ, ọmọ mi."