Ule Kì í Ṣe Orúkọ Obìnrin

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọ̀rẹ́ mi, Monínúọlá, fi tún ìwé àtijọ́ ṣe ní ilé àkójọ ìwé kan nítòsí Fájuyì, ní Adó-Èkìtì. Bí ìwé bá ya, òun ni í fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì pákí lẹ̀ ẹ́. Bí kòkòrò bá jẹ etí rẹ̀, òun ni í dí ihò náà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi í gba oyè. Ẹni tí ó kọ ìwé ni à ń dárúkọ, a kì í dárúkọ ẹni tí kò jẹ́ kí ó parun.

Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni. Nígbà ogun Kírìjì, wọ́n kó ẹ̀gbọ́n bàbá-ńlá rẹ̀ lẹ́rú, ọmọdé kan tí ń jẹ́ Akínbọ́lá. Ìyá ọmọ náà kò jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé títí ó fi kú, kí ọmọ má baà dé kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọdọọdún, ní ìsìn ìrántí, ẹbí a máa pe orúkọ Akínbọ́lá mọ́ ti àwọn òkú ilé.

Nígbà tí ó yá, ilé àkójọ ìwé náà tẹ ìwé kan jáde tí ó to gbogbo ohun tí ó wà ní ìpamọ́ wọn. Olùkọ́ kan mú un lọ sí Ìjàn, ó sì ka ìlà kan sókè: "Akínbọ́lá, ọmọ Ìjàn. Abẹ́òkúta, 1891. Ìwé ìfẹ́ nípa obìnrin kan tí ń jẹ́ Ule."

Olórí ẹbí gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé. Ó wá ní, "Ìyá rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é, òun ń lé obìnrin kiri ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ ilé náà kan bá lọ sí ìdálẹ̀ tí kò rántí wálé, wọn a ní ó ti di Akínbọ́lá.

Ó ku ọdún méjì kí Monínúọlá fẹ̀yìn tì kí ìwé náà gan-an tó dé orí tábìlì rẹ̀. Ó ti ya sí mẹ́ta. Akínbọ́lá ti fi rán oníwàásù kan tí ń bọ̀ ní Èkìtì. Oníwàásù náà kú lọ́nà, ìwé náà sì há sáàárín ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀. Kò dé Ìjàn rí. Monínúọlá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó fi ojú kà á, kò yé e. Ó wá fi ẹnu kà á jẹ́jẹ́, bí ìyá rẹ̀ ti í sọ̀rọ̀ nídìí àdògán:

"Ule li ọkan mi wà li ọsan ati li oru. Bi mo ba kú ki nto ri Ule, ẹ máṣe wipe mo gbagbe."

Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè. Ulé. Ohun tí gbogbo Ìjàn ń pe ilé nìyẹn. Ọkùnrin náà kọ ìwé bí wọ́n ti kọ́ ọ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n níbi tí ó ti dùn ún, ahọ́n ìyá rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́.

Ó gbé e, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sí, lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Olúwadámiláre.

"Mọ́mì, lẹ́tà ńlá ni ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni."

"Wo ìlà kẹta. Ó fi lẹ́tà ńlá kọ Ọjà, ó fi kọ Ogun. Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni Ọjà náà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìwé tí a tẹ̀ ti jáde, mà."

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Adó ni mí, mà."

"Kí ni ìyá ìyá rẹ ń pe ilé?"

"Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, mà."

"Mo gbọ́. Ìbàdàn náà ni ó kọ káàdì yìí."

Ọ̀gá ní kí ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàbójútó ilé àkójọ ìwé náà. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ó kọ ọ́. Wọn kò fèsì. Ó lọ sí Ìjàn. Ojú olórí ẹbí pọ́n bí ó ti ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní, "Gbogbo ìlú ni ó gbọ́ ohun tí wọ́n tẹ̀. Bí mo bá kàn dá a padà, wọn a ní à ń bo ìtìjú ilé. Ìwé ni ó yọ ọ́. Kí ìwé dá a padà."

Ó fẹ̀yìn tì, kò sinmi. Oṣooṣù ni ó ń lọ béèrè, títí ojú rẹ̀ fi ṣú tí èmi fi ń fà á lọ́wọ́. Ní òjò èṣí, àjà ilé àkójọ ìwé náà wó. Olúwadámiláre fúnra rẹ̀ ni ó wá sọ fún un nílé.

"Mọ́mì, omi ti ba ìwé yẹn jẹ́. Kò sí ohun tí a lè kà níbẹ̀ mọ́."

"Káàdì ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Káàdì wà nínú dúróò, mà. Omi kò kàn án."

Monínúọlá mẹ́nu kan ẹ̀dà ìwé náà tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ nígbà tí ó ń tún un ṣe. Ọ̀gá ní ìgbìmọ̀ kò ní gbà á, nítorí ìbátan Akínbọ́lá ni ó jẹ́. Monínúọlá na ẹ̀dà náà sí mi, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kú.

Ìjàn ni a sin ín sí. Nínú ìsìn, olórí ẹbí ń pe orúkọ àwọn òkú ilé, ìjọ sì ń dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ó ti sinmi." Ó kan bàbá-ńlá Monínúọlá. Lẹ́yìn rẹ̀, ó dánu dúró díẹ̀, níbi tí orúkọ kan ti máa ń wà, ó sì kọjá sí òmíràn. Ó parí rẹ̀ sórí Monínúọlá.

Mo dìde. Mo mú ẹ̀dà tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ jáde nínú àpò mi, mo kà á fún wọn láti òkè dé ilẹ̀, mo sì pe Ule bí Ìjàn ti ń pè é. Ìyá arúgbó kan fi gèlè bo ẹnu. Olórí ẹbí kò gbé ojú sókè.

Mo ní, "Akínbọ́lá."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Mo tún pè é.