Eérú Wilf Garside Nínú Ibojì Ọba

Ọba tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò pé. Egungun rẹ̀ wà ní kàtídírà ńlá kan, ìfun rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Faransé níbi tó kú sí, ọkàn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní ó kàn wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ọba ayé àtijọ́ nìyẹn: wọn á la òkú wọn, wọn á pín in kiri, kí àdúrà lè pọ̀ fún wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn náà ló pọ̀. Kò sẹ́ni tó pín Wilf Garside ní tirẹ̀. Orí àga ló kú sí lọ́jọ́rú kan, ó sì pé pérépéré.

Hilda ìyàwó rẹ̀ ti ń nu ibojì ọba yẹn láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ọjọ́ Sátidé ni tirẹ̀, ọjọ́ kan náà lèmi ń to òdòdó, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Bó bá ti ń fi aṣọ tútù nu imú ère òkúta tó sùn lórí ibojì ni yóò máa bá a wí, tí yóò máa pè é ní ọ̀lẹ tí kò jí rí.

Nígbà tí wọ́n sun òkú Wilf, Hilda bẹ Alùfáà Crispin pé kí eérú ọkọ òun wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó fi ọdún gbọọrọ tún òrùlé rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Alùfáà ní ọgbà ìsìnkú ti kún, inú ṣọ́ọ̀ṣì sì jẹ́ ti àwọn ẹni ńlá. Inú bí mi débi pé mi ò bomi sí òdòdó lọ́jọ́ náà. Hilda kò bá a jiyàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú àrọ tó fi ń rọ epo sígò wá láti ilé ìdáná rẹ̀, ó da Wilf sójú ibi tí ibojì ti sán, ó sì nu ibẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Dókítà Anstey, obìnrin kan láti yunifásítì, wá ṣí ibojì láti wo ọkàn ọba. Àpótí òjé kékeré kan ló bá níbẹ̀, òfìfo ni. Eérú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ní òun ò lè sọ ohun tó jẹ́ àfi bí òun bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó sì mú ìgò jáde. Alùfáà kò dúró de àyẹ̀wò kankan. Ó ní ọkàn ọba ni, ó kúnlẹ̀ gbì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìsìnkú.

Èmi àti Hilda jọ dúró níbẹ̀. Bí Hilda bá dákẹ́, wọ́n á gbé Wilf lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè gbá a síta.

"Alùfáà, ẹ dìde," ló wí. "Wilf lẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún."

"Wilf wo?"

"Ọkọ mi. Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Ọba yín ti lọ, ẹ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó lọ. Wilf ló ń bá yín gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

Dókítà rọra fi ìgò rẹ̀ padà sápò. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo bàtà rẹ̀. Alùfáà ò dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé etí, mo sì gbádùn rẹ̀ dáadáa, kí n má purọ́.

"Missis Garside," ni Alùfáà wí, "kí lorúkọ rẹ̀ ní kíkún?"

"Wilfred Arthur."

Ó ní kí Dókítà jọ̀wọ́ dá òkúta padà. Lẹ́yìn náà ló tún àdúrà ìsìnkú náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó sì fi orúkọ Wilf síbi tó ti ń pe ọba.