Onígbàjámọ̀ Tó Ń Rí Orí Méjì

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ yìí fúyẹ́ débi pé ọmọdé ń sùn lọ lábẹ́ abẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ojú òsì rẹ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníbàárà tó bá jókòó síwájú dígí kì í mọ̀ bóyá òun ni ọkùnrin yìí ń wò tàbí ẹni tó ń kọjá lọ́nà. Wọ́n sọ ọ́ ní Wòhín-Wọ̀hún. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọ eegun.

Ìgbà tí irun orí tirẹ̀ ti ń funfun ló lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà sì tọ́. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Wọn ò mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀ ni ohun gbogbo ti di méjì: orí méjì lórí àga kan, etí mẹ́rin. Ó wá ń di ojú kan ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn rò pé ó ń ṣẹ́jú sí wọn. Ìyá ọmọ kan tiẹ̀ ṣẹ́jú sí i padà. Lọ́jọ́ tó fi abẹ gé bàbá arúgbó kan létí, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré tọ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ.

Dókítà, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ pamọ́, fi àwòrán ọpọlọ rẹ̀ hàn án. Ó ní láti kékeré ni ọpọlọ ti kọ ojú òsì sílẹ̀, kó má baà máa rí méjì. Ibi tó yẹ kí ìríran ojú méjèèjì ti pàdé nínú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò lè so wọ́n pọ̀ mọ́. Ojú ni àwọn lè tún ṣe, àwọn ò lè tún ọpọlọ ṣe, àwọn sì ti kìlọ̀ fún un. Òótọ́ ni. Ẹwà ni onígbàjámọ̀ ń wá nígbà yẹn, kò gbọ́. Adìyẹ ti bà lókùn báyìí: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà síbi tó wà. Kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun."

Dókítà ní kò dá òun lójú pé ọpọlọ á gbà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, àfi kó bo ojú kan.

"Èwo ni kí n bò?"

"Èyí tá a tún ṣe."

Ó sunkún délé. Ìyàwó rẹ̀ gé aṣọ dúdú, ó bá a so ó mọ́ ojú tó ti tọ́ náà.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "ìgbà wo ni mo sọ fún yín pé ojú yẹn ò wù mí bó ṣe yà tẹ́lẹ̀?"